Fóráàmù oníyanrìn kan láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà Ìkòròdú: bí orúkọ mẹ́rin ṣe di méjì

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń kàwé gboyè kejì ló fẹ́ mọ irú fóráàmù tó ń gbé nísàlẹ̀ ọ̀sà lápá Bayeku sí Ibeshe, ní Ìkòròdú. Nígbà tí iṣẹ́ náà fi dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti bu ẹrẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ṣa ohun tó rí sórí sìláìdì, ó sì ti kọ orúkọ mẹ́rin sí wọn lára: Haplophragmoides, Ammotium, Ammobaculites kìíní àti Ammobaculites kejì. Olùkọ́ rẹ̀ ló ní kó wá mi wá. Ohun tó ń kọ olùkọ́ náà lóminú ni pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra jù, inú ẹrẹ̀ kan náà ni wọ́n sì ti jáde.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi hàn wọ́n pé mẹ́rin ni,” ohun tí ọmọ náà sọ nìyẹn. Bó ṣe béèrè rẹ̀ ti jẹ́ kí n mọ ìdáhùn tó ń retí. Orúkọ púpọ̀ máa ń mú kí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ dà bí iṣẹ́ ńlá, kì í ṣe òun nìkan ló ń rò bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá fóráàmù pàdé rí: ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni, foraminifera ni wọ́n ń pè é ní kíkún. Alcide d'Orbigny tó fún wọn lórúkọ lọ́dún 1826 rò pé ìbátan octopus ni wọ́n, nítorí pé ìkarahun wọn ní yàrá lóríṣiríṣi. Félix Dujardin ló fi hàn lọ́dún 1835 pé ẹ̀dá tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, tó kàn ń na ara rẹ̀ jáde ní fọ́nrán tín-ín-rín tín-ín-rín láti fi wá oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ wọn ń fi kálíṣíọ̀mù ṣe ìkarahun. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wa dá lé yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀: hóró yanrìn àti ẹrẹ̀ tó wà láyìíká ni wọ́n ń ṣà, tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù tó ń jáde lára wọn lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di ilé. Èyí tó tóbi nínú wọn lọ́wọ́ ọmọ yìí kò tó mìlímítà kan.

Kò yani lẹ́nu pé àwọn oníyanrìn ló gba ìsàlẹ̀ ọ̀sà níbẹ̀. Nígbà òjò, Odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn ń tú omi tí kò níyọ̀ sínú Ọ̀sà Èkó, iyọ̀ omi náà á lọ sílẹ̀ gan-an. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi òkun á tún rọ́nà wọlé. Ìwọ̀nba ẹ̀dá ló lè fara da irú ìyípadà yẹn. Tí ewé àti gbòǹgbò bá tún ń jẹrà nínú ẹrẹ̀ etí omi, ẹrẹ̀ náà á kan, á di ásíìdì, ìkarahun kálíṣíọ̀mù tó bá kú síbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Èyí tí wọ́n fi yanrìn àti gọ́ọ̀mù kọ́ kò ní nǹkan kan tí ásíìdì yóò jẹ.

Kí a tó dé ìdí orúkọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹrẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ náà bù, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àwọn fóráàmù oníyanrìn ti ń sọ nù mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ láìfura. Ìlànà tó bá nínú láàbù wọn jẹ́ èyí tí wọ́n kọ fún fóráàmù oníkálíṣíọ̀mù. Fọ ẹrẹ̀ náà, gbé e sínú ófùnnù kó gbẹ, da ìyókù sínú kẹ́míkà olómi tó wúwo. Ìkarahun kálíṣíọ̀mù tó gbẹ, tí afẹ́fẹ́ wà nínú yàrá rẹ̀, á léfòó; yanrìn á rì. Ìlànà tó dára ni fún ẹni tó ń wá Ammonia, ọ̀kan nínú àwọn fóráàmù oníkálíṣíọ̀mù. Ẹ̀dá tó jẹ́ pé yanrìn ló wọ̀ sọ́rùn ńkọ́? Òun náà á bá yanrìn rì ni.

Ófùnnù tún bà á jẹ́ lọ́nà kejì. Gọ́ọ̀mù tí àwọn ará etí ọ̀sà ń lò kì í ṣe kálíṣíọ̀mù. Ohun rírọ̀ tó ti ara ẹ̀dá wá ni. Tó bá gbẹ tán, ó máa ń sún kì, ògiri yàrá á wọnú, ìkarahun á tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí kó fọ́ nígbà tí etí búrọ́ọ̀ṣì bá kàn án. Ohun tó léfòó nínú abọ́ ọmọ náà kò ju èérún ewé àti hóró koríko lọ. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò sí fóráàmù níbẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò tíì da èyí tó rì nù. Ó bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sábẹ́ maikirosíkóòpù, ó rí hóró yanrìn kan tí àwọn hóró ara rẹ̀ tò ní àtòpọ̀, tí ó sì ká bí ìgbín. Yanrìn kì í dá ara rẹ̀ tò.

Ìyípadà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó padà sí etí omi, ó bu ẹrẹ̀ tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fọ̀ ọ́ nínú asẹ́ oníhò máíkírọ̀n 63, ó da ẹtanọ́ọ̀lù sí i, ó pò Rose Bengal mọ́ ọn kí ara èyí tó ṣì wà láàyè lè pọ́n, ó sì ń ṣà wọ́n nínú omi láìjẹ́ kí wọ́n gbẹ. Wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ. Ọ̀rọ̀ Rose Bengal yìí kan gba sùúrù: ẹran ara tó wà nínú ìkarahun kì í tètè jẹrà, nítorí náà èyí tó ti kú láìpẹ́ náà lè pọ́n. Ògiri oníyanrìn sì ṣú. Ẹni tó bá ń wò ó ní gbígbẹ kò ní rí àwọ̀ náà dáadáa.

Báyìí ni a ṣe dé orí sìláìdì mẹ́rin yẹn. Mo bi í léèrè bó ṣe pín wọn. Ó ní àwọn kéékèèké tó ká pátápátá ni Haplophragmoides. Àwọn tó ká tí apá kan wọn wá gùn díẹ̀ ni Ammotium. Àwọn tó gùn jù ni Ammobaculites, ó sì pín ìyẹn sí méjì nítorí pé ara àwọn kan jọ̀lọ̀, ara àwọn tó kù rí ṣákaṣàka. Inú àwòrán ló ti rí gbogbo èyí. Àwòrán tó dára ni, kò sẹ́ni tó ṣe é ní ibi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ya àwòrán máa ń yan èyí tó pé, tó dàgbà, tó dùbúlẹ̀ dáadáa. Ti inú ẹrẹ̀ wa kò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ya òun.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ní kó ṣe ni pé kó pa gbogbo orúkọ rẹ́ lára sìláìdì, kó wá tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù títí dé orí èyí tó tóbi jù, láìbìkítà fún sìláìdì tí wọ́n ti wá. Kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó tò wọ́n ṣá. Nígbà tó tò wọ́n tán, kò síbi tí èèyàn lè fi ọ̀bẹ gé e kó ní ibi báyìí ni Haplophragmoides parí sí, ibí yìí ni Ammotium ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tóbi ni wọ́n ń gùn.

Ìyẹn kò tíì tó ẹ̀rí. Ìrísí ìta lè tanni jẹ, pàápàá níbi tí yanrìn ti bo ìlà tó wà láàrin yàrá kan àti èkejì. A mú ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké, a fi í sínú ẹ̀kán glycerine lórí díńgí, a wá tan ìmọ́lẹ̀ láti abẹ́. Ó gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kí glycerine tó wọ inú ògiri. Lẹ́yìn náà ni ara tó ti ṣú bẹ̀rẹ̀ sí í là, ìlà òkùnkùn tó pín yàrá níyà sì ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárín bọ̀ síta. Yàrá tó kẹ́yìn ti dagun díẹ̀. Ẹnu rẹ̀, ihò kékeré róbótó kan, wà lókè ní igun ìta, ó jìnnà sí ìsàlẹ̀ yàrá.

Níbẹ̀ ni ẹjọ́ yẹn ti yí. Haplophragmoides, tí Cushman, onímọ̀ fóráàmù, dá sílẹ̀ lọ́dún 1910, ń ká títí ayé rẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ ojú tẹ́ẹ́rẹ́ kan nísàlẹ̀ yàrá ìkẹyìn, níbi tí yàrá náà ti jókòó lé àwọn tó ṣáájú. Èyí tó ní ẹnu sí igun òkè kò lè jẹ́ òun, bó ti wù kó ká tó. Èwe ni. Mo ní kí ọmọ náà yí gbogbo àwọn kéékèèké wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó wá ẹnu wọn nìkan, kó má wo nǹkan mìíràn. Iṣẹ́ tó ń fọ́jú ni, ó lo ọ̀sán tó pọ̀ nídìí rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn lẹ́nu wà nígun òkè. Díẹ̀ nínú wọn ní ojú tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn àwọn Haplophragmoides gidi. Wọn kò pọ̀ tó láti fún wọn ní orúkọ kejì, torí náà Haplophragmoides sp. (ìyẹn ni pé a kò tíì mọ irú tó jẹ́ gan-an) ni wọ́n wà di báyìí, mi ò sì rí ohun tó burú nínú “sp.” tí a bá kọ ọ́ tọkàntọkàn.

Ó wá ku àwọn tó gùn. Ammobaculites tó dàgbà dáadáa rí bíi gọ̀gọ̀ tí a fi ń já máńgòrò: orí ká, ọ̀pá wá nà tọ́ọ́rọ́. Àwọn yàrá ara ọ̀pá náà to lé ara wọn, ìlà àárín wọn dábùú, ẹnu sì wà lópin ọ̀pá, ní àárín gan-an. Ammotium kì í nà débẹ̀. Yàrá tuntun kọ̀ọ̀kan ń dagun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á tún máa wá ẹ̀yìn bọ̀ láti fara kan orí tó ká, ẹnu á sì wà nígun òkè lápá ìta. Nígbà tí ọmọ náà fi abẹ́rẹ́ yí àwọn “Ammobaculites kìíní” rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó hàn pé ẹ̀gbẹ́ tín-ín-rín ni ọ̀pọ̀ wọn fi dùbúlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èèyàn tó bá wo ohun pẹlẹbẹ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á rí ọ̀pá. Bí wọ́n ṣe yí padà, ìlà dídagun yọ, ẹnu igun yọ. Ammotium ni wọ́n.

Ti Ammobaculites kejì, àwọn tí ara wọn ṣákaṣàka, ló le jù, nítorí pé níbẹ̀ ni ọmọ náà ti ní ẹ̀rí tó dà bíi pé ó lágbára. Gbogbo àwọn oníhóró ńlá wọ̀nyẹn wá láti ojú ibì kan náà, àwọn ara jíjọ̀lọ̀ sì wá láti ibòmíràn. Ibi méjì, irú méjì: kí ló kù? Mo tẹ̀lé e lọ sí Bayeku láti lọ wo ibi tó ti bu ẹrẹ̀. Ẹni tó mọ etí omi yẹn mọ̀ ọ́n mọ́ àwọn tó ń rì sísàlẹ̀ ọ̀sà pẹ̀lú garawa láti bu yanrìn sínú ọkọ̀. Bàbá tó ń fi ọkọ̀ gbé ọmọ náà ti ṣe iṣẹ́ yanrìn rí. A tọ́ka sí ibi oníhóró ńlá yẹn, bàbá rẹ́rìn-ín.

“Ibẹ̀ yẹn? Ihò ni. Ẹ̀rọ ti wa ibẹ̀ tán. Yanrìn tí ẹ ń rí lókè yẹn, abẹ́ ló ti wá, òun ló bo ẹrẹ̀ mọ́lẹ̀.”

“Ṣé ó ti pẹ́, bàbá?”

“Kò pẹ́. Ọmọ mi kékeré ti ń rìn nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ.”

Ohun tí kò sí nínú ìwé kankan lórí tábìlì wa nìyẹn. Fóráàmù tó ń gbé lórí ẹrẹ̀ kíkúnná á fi ẹrẹ̀ kíkúnná kọ́lé. Tí yanrìn ńlá bá wá bò ó, ohun tó wà nítòsí ló máa mú. Gbogbo fóráàmù oníyanrìn kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn kan ń ṣẹ̀ṣà gan-an: Technitella thompsoni ń yan egungun pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ara àwọn ẹ̀dá bí ẹja-ìràwọ̀, kò sì ní wo yanrìn. Fún irú ìyẹn, ohun ìkọ́lé jẹ́ ara ohun tí a fi ń dá a mọ̀. Ìbéèrè wa ni èwo nínú méjèèjì ni tiwa ń ṣe.

Ìkarahun kan ló dá wa lóhùn. Etí ibi tí yanrìn àti ẹrẹ̀ ti pàdé ló ti wá. Apá rẹ̀ tó ká, tó kọ́ nígbà èwe, kúnná débi pé ojú kò lè ka hóró rẹ̀. Àwọn yàrá tó tẹ̀ lé e náà jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà, láìsí ìkìlọ̀, yàrá méjì tó kẹ́yìn jẹ́ hóró kúọ́ọ̀sì ńláńlá, tó dán, tí etí wọn mú, ọ̀kan nínú wọn fẹ̀ ju ìdajì yàrá náà lọ. Ẹ̀dá kan náà ló kọ́ méjèèjì. Ọmọ náà wò ó pẹ́. Ó ní, “Irú kìíní ló gbé irú kejì sórí.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ kò le mọ́. Ammotium tó kéré, tó pẹlẹbẹ, tó ń gbé inú omi tó dàpọ̀ mọ́ iyọ̀ létí ilẹ̀ olóoru: Ammotium salsum. Cushman àti Brönnimann ló ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1948 láti inú omi Trinidad, Ammobaculites salsus ni wọ́n sì pè é. Lọ́dún 1953 ni Loeblich àti Tappan dá Ammotium sílẹ̀ fún àwọn tí kì í nà tán. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ọ́ ní Ammotium salsum (Cushman & Brönnimann, 1948), pẹ̀lú àkámọ́: àkámọ́ yẹn ń sọ fún òǹkàwé pé abẹ́ orúkọ mìíràn ni wọ́n ti bí i. Ọmọ náà ti yọ àkámọ́ náà kúrò nítorí ó rò pé ọ̀ṣọ́ ni. A tún fi í wé Ammotium cassis, tí wọ́n ti mọ̀ láti omi tútù Kánádà láti ọdún 1870. Ìyẹn tóbi, ó sì sanra ju tiwa lọ.

Ọmọ náà kọ́ ló kọ́kọ́ ko ìṣòro yìí. Lọ́dún 1948 kan náà, Cushman àti Brönnimann sọ àwọn mìíràn tó jọ salsus lórúkọ láti Trinidad, exiguus wà lára wọn, àwọn onímọ̀ tó tẹ̀ lé wọn sì ti ń jiyàn láti ìgbà náà lórí iye tó jẹ́ irú gidi nínú wọn àti iye tó jẹ́ èwe, àgbà àti ara tó yàtọ̀. Sísọ ohun lórúkọ yá ju píparapọ̀ orúkọ lọ.

Lórí ipò rẹ̀ láàrin àwọn yòókù, Ammotium wà nínú ìdílé Lituolidae, lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá Lituolida. Tẹ́lẹ̀, ohun tó rọrùn ni kí a kó gbogbo oníyanrìn sínú àpò kan, kí a kó oníkálíṣíọ̀mù sínú èkejì. DNA ti tú àpò yẹn. Nínú ètò tí Pawlowski, Holzmann àti Tyszka gbé jáde lọ́dún 2013, bí yàrá àkọ́kọ́ àti àwọn tó tẹ̀ lé e ṣe rí ṣe pàtàkì ju ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ: àwọn bíi Lituolida wà nínú Globothalamea pẹ̀lú ọ̀pọ̀ oníkálíṣíọ̀mù, àwọn tí yàrá wọn gùn bí ọ̀pá wà nínú Tubothalamea.

Ọmọ náà ní àpẹẹrẹ ìyẹn nínú ẹrẹ̀ rẹ̀ láìmọ̀. Ó ti ya àwọn kan sọ́tọ̀ pé Quinqueloculina ni wọ́n, pẹ̀lú àmì ìbéèrè. Ìrísí bá a mu: yàrá gígùn gígùn tó ń yí ara wọn ká. A kán ásíìdì tí a ti là sí ọ̀kan lára. Quinqueloculina tó jẹ́ kálíṣíọ̀mù ìbá hó. Kò hó. Miliammina fusca ni, tí Brady pè ní Quinqueloculina fusca lọ́dún 1870 kí wọ́n tó gbé e kúrò níbẹ̀ nítorí yanrìn ara rẹ̀. Ìwádìí DNA tó jáde lọ́dún 2006 wá fi hàn pé ìbátan Quinqueloculina ni lóòótọ́: ìran rẹ̀ ti ń ṣe kálíṣíọ̀mù tẹ́lẹ̀, ó pa á tì, ó wá ń lo yanrìn. Brady kò jìnnà tó bí wọ́n ṣe rò.

Fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, àti àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ epo ka àwọn oníyanrìn láti inú kànga Niger Delta, ohun tí màá tẹnu mọ́ jù ni ẹnu. Ẹ wá ẹnu kí ẹ tó wá ohunkóhun. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ fi sínú glycerine, ẹ fọ́ ọ̀kan tí ẹ lè yááfì, ẹ yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìkarahun inú kànga ti tẹ́ nítorí ìwúwo ilẹ̀, kò sì ní rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí gan-an nìyẹn tó fi yẹ kí a fi ti òde òní kọ́ ojú wa. Ẹ má sì dá irú sílẹ̀ nítorí bí hóró ṣe tóbi tó, àfi tí ẹ bá ti wo ilẹ̀ tó ń gbé, tí ẹ sì rí i pé ohun mìíràn wà nítòsí tó kọ̀ láti mú. Létí ọ̀sà tí wọ́n ti ń wa yanrìn, ẹ bi ọlọ́kọ̀ léèrè kí ẹ tó bu ẹrẹ̀. Ihò tuntun lè da èyí tó ti kú tipẹ́ pọ̀ mọ́ èyí tó ń gbé ibẹ̀ lónìí, Rose Bengal nìkan kọ́ ló máa yanjú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tó dun ọmọ náà. A fẹ́ fi DNA dán salsum yìí wò, ká mọ̀ bóyá ti Ìkòròdú àti ti Trinidad jẹ́ ọ̀kan náà, torí irú tó jọra lójú lè yàtọ̀ nínú. Igò tó kún jù lọ́wọ́ rẹ̀, fọ́málíìnì ni ẹlòmíràn nínú láàbù ti dà sí i kó má bàa jẹrà. Fọ́málíìnì ń ba DNA jẹ́. Igò ẹtanọ́ọ̀lù kékeré kan ló wà nínú fíríìjì báyìí, wọ́n kọ ojú ibi tí wọ́n ti bù ú, oṣù àti bí iyọ̀ omi ṣe tó sí i lára, àti “Ammotium salsum, bí ara rẹ̀ ṣe rí nìkan”.